Káàdì Kan Tí Kò Sí Nínú Kọ̀mpútà

Kọ̀mpútà wà lórí tábìlì. Ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ sọ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí a dé ibi iṣẹ́ tí a bá gíláàsì fèrèsé mẹ́ta nílẹ̀ lẹ́yìn yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Olè ti wọlé, ó sì ti jáde. Ó gbé fáànù, ó mú bàtà tí mo máa ń wọ̀ nínú yàrá, kò gbé kọ̀mpútà.

"Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́," ni Ààfáà wí. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù wa ni à ń pè bẹ́ẹ̀. "Kọ̀mpútà wà, àwọn káàdì wà. Fáànù lásán ni. Àǹtí Káàdì, ẹ ó máa fi ìwé fẹ́ ara yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá na ọwọ́ sẹ́yìn kọ̀mpútà láti gbọn eruku tó bọ́ síbẹ̀, ọwọ́ mi sì kan wáyà kan tó ń mì dirodiro. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnu wáyà yẹn ni háàdì máa ń wà. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ ni, kò tóbi ju ìwé orin kékeré lọ. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń da ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀mpútà sí i, kí iṣẹ́ wa má bàa ṣègbé bí kọ̀mpútà bá bàjẹ́. Mo lẹ púlásítà tí a fi ń dí ojú egbò mọ́ ọn lẹ́yìn, mo sì fi bírò kọ "KÁÀDÌ" sórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà wà lórí kọ̀mpútà. Kò sí lórí háàdì. Ẹnikẹ́ni tó bá kì í bọ kọ̀mpútà mìíràn yóò rí gbogbo rẹ̀ bí ẹni ṣí ìwé.

Mo jókòó.

Ilé ìwòsàn ìgbẹ̀bí kékeré ni tiwa, ní Àpòmù. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ni ín, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ìkirè ló ń gbé, bí èmi náà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo fi oṣù mẹ́fà kọ́ kọ̀mpútà, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn níbẹ̀. Ohun tó wà nínú káàdì kì í ṣe orúkọ àti ọjọ́ orí nìkan. Ọmọbìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS tí kò tíì sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyàwó ilé tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ kó tó wọ ilé ọkọ wà níbẹ̀.

Èmi náà wà níbẹ̀. Káàdì tèmi sọ pé mo ní kòkòrò HIV, pé ọkọ mi tó kú ní in, pé mò ń lo oògùn lójoojúmọ́, pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Màmá nìkan ló mọ̀. Ààfáà ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló ń rí lára ìgò, kò mọ ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ mi méjèèjì tó wà níléèwé kò mọ̀. Mo ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin ẹlẹ́kọ kan ládùúgbò wa tí irú ọ̀rọ̀ yìí jáde nípa rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn ń kọjá níwájú ẹ̀kọ rẹ̀ lọ ra ti ẹlòmíràn. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ó ti kó lọ.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá, ó dìde ó ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé tìrẹ wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

Ó jókòó padà. Kò sọ pé kí n má bẹ̀rù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

A fi tó àwọn ọlọ́pàá létí, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tó sọnù sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni mo yọ káàdì tèmi kúrò nínú kọ̀mpútà. Mo mú ti bébà lọ sílé, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ìwà òmùgọ̀ ni. Bí àìsàn bá dá mi dùbúlẹ̀ níbi iṣẹ́, nọ́ọ̀sì tó bá wà níbẹ̀ kò ní mọ irú oògùn tó wà lára mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ṣe é.

Àṣẹ tí Màmá pa fún mi kò gùn. Ẹ̀dà gbogbo káàdì gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn yàtọ̀ sí Àpòmù. Ẹni tó bá sì jí ẹ̀dà náà kò gbọdọ̀ rí nǹkan kan kà. Ó ní kí n lọ bá ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní kọ̀mpútà ní iléèwé gíga kan ní Ìkirè, ọmọ Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù ni. Màmá ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ rẹ̀. Tíṣà ni mo ń pè é.

Kì í ṣe pé a kò ra sọ́fítíwia, ètò tí a fi ń tọ́jú iṣẹ́ sínú kọ̀mpútà, rí. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni ọkùnrin kan ti Ìbàdàn wá ta ọ̀kan fún wa. Ó dùn ún wò, ó sì máa ń dún bí agogo bó bá ti parí iṣẹ́. Nígbà tí àkókò tí a san owó rẹ̀ pé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. A pe ọkùnrin náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Iṣẹ́ wa wà nínú rẹ̀, a kò lè dé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti inú káàdì bébà. Háàdì yẹn ni a fi rọ́pò rẹ̀.

Mo ròyìn èyí fún Tíṣà. Ó mi orí.

"Èyí tí mo fẹ́ fi hàn yín, kò sí ẹnì kan tó dá ni ín," ó ní. "Àwọn tó kọ ọ́ gbé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á. Ẹni tó bá rí àṣìṣe lè tọ́ka sí i. Bí gbogbo wọn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ yín."

"Ọ̀fẹ́ ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

"Ohun ọ̀fẹ́ máa ń bà mí lẹ́rù."

"Ah, Àǹtí. Kí ni kì í bà yín lẹ́rù?"

Kò mọ ohun tó sọ.

Ẹ̀bá títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ni a dúró sí, nítòsí àwọn tó ń din dòdò. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí wọn. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá ààlà rèé, a rí i. Ata rèé, epo rèé, a rí àwọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò fi májèlé sí i lójú gbogbo ayé? Ó ní bí sọ́fítíwia tó ṣí sílẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Mo ní, "Bí gbogbo ayé bá mọ inú àgádágodo mi, olè náà kò ha mọ̀ ọ́n?"

"Ẹni tó rọ àgádágodo yín mọ inú rẹ̀. Ṣé ó lè ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́ yín?"

"Ó lè fi hámà fọ́ ọ."

"Tèyí, kò tíì sí hámà rẹ̀."

Sọ́fítíwia mẹ́ta ló gbé ka iwájú mi. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni a lò lé wọn lórí, ní pálọ̀ Màmá, nítorí ògbólógbòó kọ̀mpútà tó wà níbẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ̀dà náà máa dé sí. Tíṣà gbé kọ̀mpútà alágbèéká tirẹ̀ wá, a fi ṣe bí ẹni pé Àpòmù nìyẹn.

Àkọ́kọ́ yára bí ẹ̀fúùfù, ṣùgbọ́n bí fáìlì ṣe rí ló ń gbé e lọ. Bí a bá fẹ́ kí ó tì í pa, a ní láti wá nǹkan mìíràn so mọ́ ọn. Tíṣà ní òun yóò so ó. Mo bi í léèrè pé bí ìso náà bá tú nígbà tó wà lẹ́nu ìrìn àjò, ta ni yóò mọ̀? Ó wo òkè àjà. A pa ìyẹn tì.

Èkejì ń ti nǹkan pa dáadáa, ó sì ní àwòrán tí èèyàn lè tẹ̀. Ọkàn mi fà sí i. Mo ní kí Tíṣà fi ibi tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ hàn mí. Mi ò mọ kóòdù kà, ṣùgbọ́n mo mọ déètì kà. Ẹnì kan péré ló ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin tó ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Àwọn èèyàn ń bèèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ó dà bí ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tí ẹni tó ni ín ti kó kúrò nílùú.

Ẹ̀kẹta kò ní àwòrán kankan. Ojú dúdú ni, èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀ sí i, òun náà á fi ọ̀rọ̀ dáhùn. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kọ̀mpútà tiwa ni yóò ti sọ gbogbo nǹkan di àdìtú kó tó gbé e jáde rárá. Kì í gbé ju ohun tó bá yí padà láti àná lọ. Èèyàn púpọ̀ ló sì ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Nígbà tí sọ́fítíwia náà gbé ẹ̀dà dé ìdajì, mo dìde, mo fa wáyà kọ̀mpútà Màmá yọ lára ògiri. Gbogbo rẹ̀ kú.

"Àǹtí!" Tíṣà fò dìde. "Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Ohun tí iná ọba máa ṣe ni mo ṣe."

A tan án padà, a sì tún ránṣẹ́. Èyí tó ti dé tẹ́lẹ̀ kò bàjẹ́, ibi tó kù ló ń bá lọ. Tíṣà ní òun kò rò ó láti dán ìyẹn wò. Màmá bọ́ sí pálọ̀ lásìkò náà, ó ní kí a ṣí ọ̀kan nínú ohun tó dé kí òun rí i. Ó wọ awò rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Kí lèyí? Bí ìgbà tí adìẹ rìn lórí eérú."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, mà," ni Tíṣà wí.

"Èmi tí mo ni ilé ìwòsàn, n kò lè kà á?"

"Láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ ò lè kà á."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Èmi ló ń wò bó ti ń sọ ọ́, kì í ṣe Tíṣà.

Ẹ̀kẹta ni a mú.

Tíṣà ṣe ìkìlọ̀ kan fún mi kó tó lọ. Ó ní bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá sọnù, ó parí nìyẹn; àwọn tó kọ sọ́fítíwia náà gan-an kò lè ṣí i. Ó ní kí n yan ohun tó gùn, kó má jẹ́ orúkọ ọmọ tàbí ọjọ́ ìbí, kó má sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan, kó sì jẹ́ ohun tí mi ò ní gbàgbé bí wọ́n bá tilẹ̀ jí mi lójú oorun. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún òun pàápàá.

Mi ò ronú jìnnà. Mo tẹ oríkì tí bàbá mi sọ mí, mo fi ìlà méjì àkọ́kọ́ nínú oríkì ìdílé wa tẹ̀ lé e, mi ò fi àyè sáàárín, mi ò fi àmì kankan sí i. Ó lé ní àádọ́ta lẹ́tà. Gbogbo ohun tí Tíṣà ní kí ó jẹ́ ló jẹ́. Mo rò pé kò sí olè kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé tó lè mọ oríkì ilé wa, inú mi sì dùn bí ti ẹni tó gbọ́n.

Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ohun tó bá yí padà á gba orí nẹ́tíwọ̀kì lọ sí Ìkirè. Ní àárọ̀, èmi á tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà láti wò bóyá ó dé pé.

Ìyá kan ń gbálẹ̀ ọgbà wa, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Agbolé kan náà ni ìyá rẹ̀ àti bàbá mi ti wá. Kì í kí èèyàn lásán. Oríkì ló máa fi kí ọ, pẹ̀lú ohùn tó lè dé ọ̀nà. Mo ti gbọ́ tèmi lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, mi ò gbọ́ ọ mọ́, bí èèyàn kì í ṣe gbọ́ aago ara ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti jókòó kó tó gbálẹ̀ dé ojú fèrèsé mi. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí àga kí i, mo sì tẹjú mọ́ iṣẹ́ mi. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀. Ó pe oríkì mi. Mo ń tẹ oríkì mi. Ó bọ́ sí ìlà àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi wà ní ìlà àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi àti ẹnu rẹ̀ jọ ń rìn. Nígbà tó dé òpin ìlà kejì, ẹ̀dà náà ṣí.

Láti inú láàbù, Ààfáà gba ìlà kẹta lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi ohùn àwàdà gbé e.

Mo lọ bá a. "Ààfáà, ará Ararọ̀mí-Òwu ni yín. Níbo lẹ ti mọ oríkì ilé wa?"

"Níbo ni mi ò ní ti mọ̀ ọ́n? Àràárọ̀ kọ́ ni wọ́n ń kì yín? Ọkùnrin tó ń gbé omi wá gan-an mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ dé, àwa la máa ń kì yín sílẹ̀ dè yín."

Mo padà sí yàrá mi. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́, àwọn aboyún tó ń dúró de ayẹ̀wò, àti àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà, mi ò lè ka iye ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Tíṣà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ní kí ẹ yan ohun tí kò sí nínú ìwé. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́nu gbogbo ìlú lẹ máa yàn." Nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní kí a má jẹ́ kí ọkàn èèyàn yan án mọ́ rárá.

Dáìsì lúdò ni a fi ṣe é, nínú láàbù. Ààfáà ń dà á, ó ń pe nọ́ńbà. Èmi ń ṣí ìwé kíkà kan tó ti gbó, mo ń ka ojú ìwé àti ìlà, mo ń kọ ọ̀rọ̀ tí ó bá bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà, tí ọ̀kan kò mọ èkejì rí. Ààfáà kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Ẹ má sọ fún jámáà mi pé mò ń da dáìsì lẹ́nu iṣẹ́ o."

"Ẹ máa dà á."

Mo fi ọ̀rọ̀ tuntun sí i, mo dán an wò, kí n tó yọ ti àtijọ́ kúrò. Mo há a sórí. Mo wá pín in sínú àpòòwé méjì tí mo lẹ̀ pa. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà nínú Bíbélì Màmá ní Ìkirè. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà lọ́wọ́ Ààfáà, nínú àpò tó ń tọ́jú Kùránì rẹ̀ sí. Ó ní àmánà ni, ohun tí a fi sọ́wọ́ ẹni tí Ọlọ́run yóò bèèrè. Kò ṣe àwàdà nígbà tó sọ ìyẹn. Bí mo bá kú, àwọn méjèèjì ní láti pàdé kí wọ́n tó lè ṣí i.

Nípa ti iwájú, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àdìtú yìí kò kan háàdì tó ti lọ. Ìyẹn ṣì wà níbì kan, láìní ilẹ̀kùn. Káàdì mi sì ṣì wà lábẹ́ aṣọ.

Mò ń fọṣọ lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà tí Ààfáà pè mí. Ó lọ sí Ìkirè láti lọ gba wáàsì sórí fóònù rẹ̀, ní ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe tó sì ń da fíìmù àti orin sí i fún àwọn èèyàn.

"Àǹtí Káàdì, ẹ fi aṣọ sílẹ̀. Mo rí púlásítà yín."

Mo pe Tíṣà, a jọ lọ. Háàdì náà wà lórí tábìlì onífóònù, láàárín àwọn fóònù tí wọ́n ti tú. Púlásítà náà ti dúdú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Ọkùnrin náà ti ní irùngbọ̀n funfun. Nígbà tí Tíṣà ṣàlàyé ohun tí a wá, kò sẹ́.

"Mo rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń lọ sí Ifẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin. Mi ò rí i mọ́."

Mo ní, "Ṣé ẹ ṣí i?"

Ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ṣí i. Orúkọ èèyàn ló kún ibẹ̀. Mo ṣí mẹ́ta, mo rí i pé ọ̀rọ̀ aboyún ni. Ẹni tó ṣe ìkẹta, mo mọ̀ ọ́n. Àpòmù ni ìyàwó tèmi náà bímọ sí. Mo ní bí mo bá ń ka tẹlẹ́ni báyìí, màá ka tiwa. Mo fọ gbogbo ẹ̀ dànù, mo kó fíìmù sí i."

"Fíìmù àti wáàsì nínú háàdì kan náà?" ni Ààfáà bèèrè.

"Fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, Ààfáà."

"Kí ló dé tí ẹ kò dá a padà?" ni mo wí.

"Kí n gbé e wá, kí ẹ ní èmi ni mo jí i?"

Mo mọ ohun tí ìbẹ̀rù ń mú èèyàn ṣe.

Tíṣà gba háàdì náà, ó sì fi òmíràn tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀ fún ọkùnrin náà. Ó wá sọ fún mi pé ohun tí a fọ̀ dànù lè ṣì wà nísàlẹ̀, bí ọ̀dà tuntun ṣe ń bo ti àtijọ́ lára ògiri. Sọ́fítíwia kan wà tó ń họ ọ̀dà náà. Òun náà ṣí sílẹ̀ bíi tiwa. Ó ní òun yóò fi wá a nílé Màmá.

"Ẹ kọ́ mi," mo ní. "Èmi ni màá wá a."

Ó kọ́ mi, ó sì gbé àga rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ dòdò.

Láti ìgbà ìrun Àyìlá lọ́sàn-án títí di ti Alásárì nírọ̀lẹ́ ni mo fi wà níbẹ̀. Fíìmù ló ń jáde, àti ìjàkadì, àti wáàsì. Fọ́ọ̀mù káàdì kan jáde lófìfo, orúkọ kankan kò sí lórí rẹ̀. Mo wá orúkọ kan, mo wá òmíràn. Mo wá nọ́ńbà káàdì tèmi. Kò sí. Mo tún un wá lẹ́ẹ̀kejì, mo tún un wá lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí.

Màmá gbé háàdì náà sórí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ó sì fi ọmọ ọlọ fọ́ ọ títí ó fi di wẹ́wẹ́. Kò bèèrè ohun tí mo rí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo mú káàdì mi kúrò lábẹ́ aṣọ, mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo gbé e lọ sí Àpòmù. Ìyá tó ń gbálẹ̀ kì mí láti orí dé òpin, mo jókòó mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ káàdì mi sínú kọ̀mpútà, orúkọ mi, àìsàn mi, oògùn mi, bó ṣe yẹ kó wà. Mo fi ti bébà padà sáàárín àwọn yòókù.

Ní aago mẹ́rin, ojú dúdú náà kọ ọ́ síta pé fáìlì tuntun kan ló lọ lọ́jọ́ náà, àti pé ó ti dé Ìkirè pé. Mo pa kọ̀mpútà, mo ti fèrèsé, mo lọ wọkọ̀.